Igi Emi Tí Mùíbì Wà Lórí Òkè

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ọkùnrin ṣe ń fi igi yangàn, kó yà sílé Mùíbì Àjíṣọlá ní Agége. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, iléeṣẹ́ bísíkíìtì kan n'Ìkẹjà ló ti fẹ̀yìn tì, igi orí òkè kò sì yé e rárá.

Sùlíyá ìyàwó rẹ̀ ló wá láti Ìgbẹ́tì. Nígbà tí ìyá Sùlíyá kú, tí ẹkún kò dá lójú rẹ̀, Mùíbì rọra gun òkè ẹ̀yìn ilé wọn n'Ìgbẹ́tì, ó wa igi kékeré kan, ó sì gbé e sórí itan dé Agége. "Emi òkè ìyá rẹ nìyí," ló wí. "Tó bá so, a ó fi ṣe òrí."

Ó mà ṣe o! Sùlíyá já ewé kan lọ́jọ́ náà. Ewé emi àti ti pánhán, igi òkè mìíràn tí kì í ṣe emi, jọra bí ìbejì: wọ́n gùn, wọ́n ń ṣù jọ sórí ẹ̀ka, èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sì máa ń pọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá já ti emi, oje funfun á sun jáde. Eléyìí gbẹ. Sùlíyá wo bí inú ọkọ rẹ̀ ṣe ń dùn, ó bá gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ọdún ń gorí ọdún, igi náà ga ju ògiri lọ, Mùíbì sì ti ṣèlérí òrí fún gbogbo àdúgbò. Ìgbà tí Abdulazeez àbúrò Sùlíyá wá láti Ìgbẹ́tì bá wọn ṣe Iléyá, ọkàn Sùlíyá kò balẹ̀ mọ́. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, ojú á sì ti ọkọ òun. Ó fi ẹran dí àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, pàbó. Mùíbì fúnra rẹ̀ ló fà á lọ: "Abdulazeez, wá wo emi!"

Ìyẹn já ewé, ó tẹ ìdí rẹ̀, ó tún já òmíràn. "Ẹ̀gbọ́n, pánhán nìyí o. Kò lóje."

Mùíbì yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Màrdíyyàh, ṣé o mọ̀?"

"Ọjọ́ tí ẹ gbé e wálé ni mo ti mọ̀. Ẹ má bínú."

"O sì ń bomi rin ín?"

"Ìyá mi kú, ẹ fọwọ́ yín wa ilẹ̀ olókùúta nítorí mi. Ṣé oje ni mo tún fẹ́ máa wá?"

Mùíbì wo igi náà látòkè délẹ̀. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín, ó nàgà sórí ògiri, ó ké sí obìnrin ilé kejì: "Ìyá Ayọ̀tọ́lá, ẹ má dúró de òrí mọ́ o! Pánhán la gbìn!" Ẹ̀rín pa Sùlíyá náà, ara rẹ̀ sì fúyẹ́.

"Lọ́dún tó ń bọ̀," ni Mùíbì wí, "a ó jọ gun òkè náà ni. Ìwọ máa já ewé wò. Tó o bá ti rí èyí tó lóje, èmi á wà á."