Màmá Morádéún Ń Nájà ní Kóòtù

Bí ẹ bá dárúkọ Màmá Morádéún ní Ajégúnlẹ̀ títí dòní, ọjọ́ tó ná ìdájọ́ bí ẹni ń ná ẹja tútù ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín.

Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ni Màmá nígbà ayé rẹ̀. Òun ní í dúró ti ọmọdé tí ọ̀ràn bá gbé dé kóòtù, ìbáà jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹjọ́ Ovie ni wọ́n ń gbọ́, ọmọkùnrin tó jí bátìrì tírélà ní Malu Road. Adájọ́ ní kí ó lọ lo ọdún méjì ní ilé àtúnṣe. Màmá dìde.

"Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ díẹ̀ níbẹ̀."

"Màdáámù, ẹ ò sí lọ́jà o."

"Mo mọ̀, Olúwa mi. Tó bá jẹ́ ọjà ni, ǹ bá ti kọjá sí ìsọ̀ kejì."

Ẹ̀rín fẹ́ pa adájọ́. Ó bi Gafar tó ni bátìrì léèrè ohun tó fẹ́. Gafar ní kí ọmọ náà wá fọ tírélà òun fún ọ̀sẹ̀ méjì.

"Ó kéré," Màmá ní. "Ẹ sọ ọ́ di oṣù mẹ́ta."

Ovie yíjú sí i. "Mummy, na who you dey support?"

"Bátìrì."

Adájọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí Ovie ti ń fọ tírélà ló ti kọ́ṣẹ́ ríwáyà, iṣẹ́ àtúnṣe iná ọkọ̀.

Zulfah wà lẹ́yìn tó ń rẹ́rìn-ín, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń dúró de ẹjọ́ tirẹ̀. Ọ̀gá obìnrin tó ń bá ṣiṣẹ́ ilé l'Ólódì ló fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná jó o lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pè é, tó tajú kán rí obìnrin náà, ó yí padà, ó fẹ́ sá jáde. Màmá, tí ara rẹ̀ kò kéré rárá, gbé àga, ó lọ jókòó sáàárín àwọn méjèèjì.

Lọ́yà obìnrin náà fò dìde. "Olúwa mi, oníbàárà mi ò rí ẹlẹ́rìí mọ́."

"Ó ti rí i tó," Màmá dáhùn, kò sì mira.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Zulfah sá sí tó fi rojọ́ rẹ̀ tán pátá. Obìnrin náà lọ sẹ́wọ̀n. Màmá sì jó jáde ní kóòtù, bí ọlọ́pàá ti ń bẹ̀ ẹ́ pé wọ́n ṣì ń gbọ́ ẹjọ́ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, àwọn ọmọ kóòtù yẹn kún ṣọ́ọ̀ṣì: Ovie tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, Ebiere tó ti di nọ́ọ̀sì, àti Zulfah, lọ́yà tó ń gbẹjọ́ àwọn ọmọdé rò. Lẹ́yìn ìsìn, Ovie ní òun fẹ́ tú àṣírí kan.

"Màmá sọ fún mi pé èmi lòún fẹ́ràn jù nínú gbogbo yín. Ó ní n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ebiere wò ó. "Èmi ló sọ ọ́ fún."

"Ẹ̀yin kẹ̀?" ẹlòmíràn bèèrè. "Èmi ńkọ́?"

Ó wá hàn pé kò sí ẹni tí Màmá kò sọ ọ́ fún, wọ́n sì ti fi í pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Gbogbo ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Zulfah bá wọn rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì bá wọn jiyàn. Àánú wọn ló ń ṣe é. Ó dá a lójú pé òun gan-an ni Màmá fẹ́ràn jù.