Agbálẹ̀ Tó Gbá Ìlànà Ara Rẹ̀ Lọ

Ọmọ mi obìnrin kejì, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Létòlétò, kò lè rí bàtà tó dojú kọ ara wọn kó má tò wọ́n. Kó tó mọ̀ ọ́n rìn ló ti ń to ṣíbí ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ga sí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ìyá ọmọ náà. Òun náà á ní irọ́ ni.

Ilé iṣẹ́ rédíò ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó ohùn sí. Gbogbo ìsinmi rẹ̀ ló fi ṣe irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kan tó sọ ní Agbálẹ̀. Tí iṣẹ́ bá parí, Agbálẹ̀ á kó gbogbo fáìlì ọjọ́ náà lọ sí fódà kan tí wọ́n ń pè ní Yàrá Ẹ̀yìn, àfi èyí tí wọ́n bá ní kó fi sílẹ̀. Kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnnì. Ṣe lẹ máa kọ àṣẹ fún un: gbá ibí, má fọwọ́ kan tọ̀hún. Lọ́jọ́ kejì, ẹ óò tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀. Àṣẹ náà gùn débi pé èèyàn lè tòògbé láàárín rẹ̀.

Ọ̀gá wọn obìnrin kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó kọ àṣẹ náà, ó fo ibi tó ní "má fọwọ́ kan". Ni Agbálẹ̀ bá kó orin tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìròyìn lọ. Ẹni tó ń ka ìròyìn ló fi ẹnu kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, àti ìlù àti fèrè.

Ọ̀gá ránṣẹ́ pe ọmọ mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ọjọ́ Ẹtì ni mo fún ẹ. Bí Agbálẹ̀ ẹ bá tún kó orin wa, a máa yọ ọ́ dànù, ká padà máa fọwọ́ kó fáìlì."

"Ẹ má bínú, mà. Màá tún un ṣe."

Ó délé, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó da ẹ̀dà àwọn fáìlì iṣẹ́ sí i. Ó fẹ́ kí Agbálẹ̀ ní fáìlì ìlànà tirẹ̀, èyí tí wọ́n á kọ lẹ́ẹ̀kan, tí á máa kà kó tó gbá ohunkóhun. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ yọjú wò ó.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Gbogbo ohun tí kò gbọdọ̀ kó."

"Bá mi fi sísọ́ọ̀sì mi kún un, torí mi ò mọ ibi tí o máa ń tò ó sí."

"Ìwọ gan-an ni mo máa ní kó kó."

Ó dán an wò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tẹ̀, ilẹ̀ mọ́, orin ìròyìn wà láàyè rẹ̀. Ó tún un dán wò, orin bá Yàrá Ẹ̀yìn lọ. Ó bá kọ̀ǹpútà jà, ó fẹ̀sùn kan iná, ó fẹ̀sùn kan ọkọ rẹ̀. Ìgbà tó ṣí Yàrá Ẹ̀yìn ló bá fáìlì ìlànà níbẹ̀, tó jókòó pẹ̀sẹ̀. Inú fódà tí Agbálẹ̀ ń gbá ló kọ ọ́ sí. Ó dárúkọ ẹrù gbogbo èèyàn, ó gbàgbé ẹrù Agbálẹ̀. Agbálẹ̀ ka ìlànà, ó tẹ̀ lé e, ó sì gbá ìlànà náà lọ. Nígbà kejì, kò rí nǹkan kan kà mọ́.

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá Létòlétò, ẹ kú ètò o."

Ó gbé fáìlì náà lọ síbi tí Agbálẹ̀ kì í gbá. Ó sì kọ́ Agbálẹ̀ pé bí kò bá rí ìlànà, kó káwọ́ gbera.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá fúnra rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ kan náà. Orin kò kúrò. Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó pa fáìlì ìlànà rẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́.  Agbálẹ̀ kọ ọ́ síta pé: "Mi ò rí ìlànà mi. Mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ọ̀gá ní: "Ó gbọ́n ju àwọn kan lọ nínú ọ́fíìsì yìí."

Ọmọ mi kò bi í pé àwọn wo. Ó dá ìlànà padà sáyè rẹ̀. Ni ọ̀gá bá fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra, ó fi ìlà kan tirẹ̀ kún un: kó má fọwọ́ kan fódà Àwòrán Ọmọ Ọmọ Mi.

"Kí ni fódà yìí ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà iṣẹ́, mà?"

"Ṣé èmi lò ń bi?"

"Rárá o, mà. Agbálẹ̀ ni."