Ẹ̀jẹ̀ Mímọ́ Ilé Ọkọ Sabina

Nígbà tí Sabina fẹ́ Lazarus, apẹja ará Ìlàjẹ ní Bàrígà, àwọn ará ilé ọkọ kò fi pa mọ́ fún un pé oore ńlá ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn mọ́, wọ́n ní. Kò sí wèrè nílé wọn, kò sí adẹ́tẹ̀, kò sí oníwárápá. Ìyá ọkọ rẹ̀ a máa kà á bí ẹni ń ka Òfin Mẹ́wàá, pàápàá bí àlejò bá wà níjokòó.

Àkọ́bí Sabina kò pé ọmọ ọdún méjì tó fi kú. Bọ́dúndé, èyí tó tẹ̀lé e, ló wà láyé, bí èèyàn bá lè pe irú ìyẹn ní wíwà láyé. Bí ọyẹ́ bá ti dé, eegun ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, ẹyinjú rẹ̀ á rí bí èso ìyeyè. Sabina á fi ẹja sílẹ̀ kó jóná lórí ààrò, á pọn ọn, á máa rìn yí ká àgbàlá, tòun tọmọ á jọ máa sunkún.

Ìyá ọkọ kò nílò dókítà kó tó mọ ohun tó ń ṣe ọmọ.

"Àbíkú ni," ó ní. "Ilé ìyá rẹ lo ti gbé e wá. Ẹ jẹ́ ká gé e létí díẹ̀, káwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kọ̀ ọ́."

Ó tilẹ̀ ti pọ́n ọ̀bẹ sílẹ̀. Ìfẹ́ ìyá àgbà sí ọmọ-ọmọ kò láàlà.

Sabina gbé ọmọ rẹ̀ sá lọ sí ilé ìwòsàn kan níhà Yábàá. Dókítà Ọláwuyì, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ó gba ti ìyá, ó wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ, ó ní, "Ẹ lọ mú bàbá rẹ̀ wá."

Kò sí ìròyìn tó dùn mọ́ ìyá ọkọ nínú tó èyí. Ó ró ìró àrán tó ń fi ṣọdún Kérésì, ó bá wọn lọ, kí dókítà lè dá Sabina lẹ́bi níṣojú òun. Lazarus na apá fún abẹ́rẹ́ bí ọmọ ọba. Wọ́n jókòó títí kí dókítà tó jáde.

"Bàbá Bọ́dúndé, ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín ló wà nínú tiyín náà."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?" ìyá ọkọ béèrè.

"Ti ọmọ yín, Ìyá. Ìdajì ni ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ bàbá, ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Àwọn méjèèjì yìí ní ọ̀kan tó dáa, wọ́n ní ọ̀kan tí kò dáa, ìyẹn ni nǹkan kan ò fi ṣe wọ́n. Ọmọ tó bá mú èyí tí kò dáa lọ́dọ̀ bàbá, tó tún mú un lọ́dọ̀ ìyá, òun ni àìsàn yìí ń dà láàmú. Kò sẹ́ni tó lè yàn án fún un."

"Irọ́ ni! Kò sí i nílé tiwa."

"Ṣé ẹ̀yin náà ti sin ọmọ rí?"

"Ọmọ méjì, kí n tó bí eléyìí. Ṣùgbọ́n ayé ló pa wọ́n."

"Báwo layé ṣe pa wọ́n?"

"Ọwọ́ wọn á wú, ẹsẹ̀ wọn á wú, ojú wọn á..." Ó wo Bọ́dúndé lẹ́yìn Sabina.

Sabina, tó ti ń wolẹ̀ látọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, gbé ojú sókè. Kí ṣọ́ọ̀ṣì tó sọ ọkọ rẹ̀ ní Lazarus, Ikúmápàyí ni wọ́n sọ ọ́. Gbogbo Ìlàjẹ ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ló sì ń pè é jù, kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè pé àwọn wo ni ikú ti pa ṣáájú. Ilé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ tó báyìí!

Ṣùgbọ́n ìdùnnú Sabina kò dé ìsàlẹ̀ ikùn, torí dókítà tún sọ pé òun kò ní oògùn tó lè mú àìsàn náà kúrò lára ọmọ: kó máa mu omi dáadáa, kí òtútù má mú un, kí wọ́n tètè gbé e wá bí ibà bá dé. Lójú ọ̀nà, ìyá ọkọ ṣàlàyé pé ẹ̀rọ òyìnbó kì í ríran lọ́jọ́ òjò. Ọyẹ́ ló sì wà níta, kò sí òjò kankan.

Wọ́n délé. Níwájú àwọn ọkùnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe, Lazarus gba Bọ́dúndé lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó pọn ọn sẹ́yìn ara rẹ̀.

"Ìyá," ó ní, "ẹ lọ fi ọ̀bẹ yẹn gé ẹja."

Lẹ́yìn ìyẹn, Bọ́dúndé ṣì ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún pè é ní àbíkú létí ìyá rẹ̀. Ó ti ń lọ sílé ìwé nígbà tí Rẹ̀mí, àbíkẹ́yìn ìyá ọkọ, rí ọmọkùnrin kan láti Ọbaníkòró tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ìyá ọkọ rọra wá bá Sabina nídìí ààrò.

"Ìyàwó wa," ó ní, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, "dókítà ọjọ́sí yẹn, ọjọ́ wo ló máa ń rí èèyàn? Mi ò sọ pé nǹkan kan ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tiwa o. Tàwọn ará Ọbaníkòró ni mo fẹ́ mọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ẹ mú Rẹ̀mí náà dání, kí dókítà lè rí bí ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ ṣe ń rí."

Wọ́n lọ. Ó wà lára Rẹ̀mí, kò sí lára àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Dókítà ní kò sí èyíkéyìí nínú ọmọ wọn tí àìsàn náà yóò ṣe. Wọ́n ṣègbéyàwó lẹ́yìn Àjíǹde. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ìyá ọkọ dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí pé ààwẹ̀ tí òun gbà ló jẹ́ kí ọ̀nà là fún Rẹ̀mí. Sabina jókòó sẹ́yìn, Bọ́dúndé ń sùn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣe àmín ju gbogbo ìjọ lọ.