Èsì Àyẹ̀wò Tó Dé Kí Crépin Tó Kú

Ọkàn mi ò balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó kí yín. Crépin ọmọ mi kú, a sin ín sí Sakété lóṣù tó kọjá. Arlette àbúrò rẹ̀ tún fẹ́ lọ sáré ìdánwò ọlọ́pàá ní Pobè lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ó sì ń fi òróró ra itan ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwòsàn.

Ta ló mọ Crépin láàárín yín? Tí wọ́n bá ń ṣe àáró lóko ní Takon, kò ní tíì kọ ebè márùn-ún tí iṣan apá rẹ̀ á ti le bí igi. Á jókòó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní, "Bàbá àgbà, ṣé ká gbé àga wá?" Òun á rẹ́rìn-ín: "Ẹ máa lọ, màá bá yín níwájú." Bó bá sinmi díẹ̀, ó ń bá wọn lóòótọ́. Èmi ìyá rẹ̀ pè é ní ọ̀lẹ. Mo pè é bẹ́ẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí àgbo, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ fún un ní oògùn ibà. Dókítà kan tí kò pẹ́ lọ́dọ̀ yín ló gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun. Èsì dé: èròjà tó ń sọ ṣúgà inú ẹran ara di agbára kò ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, nítorí àṣìṣe kan tó jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àti òmíràn tó jogún lọ́dọ̀ mi. Wọ́n kọ ọ́ pé kó má fi agídí ṣiṣẹ́, kí ẹ sì yẹ àbúrò rẹ̀ wò.

Oṣù méje ni ìwé yìí wà lọ́dọ̀ yín. Crépin kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá Flavienne, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ní Yoko. Ta ní í jókòó lóko àna? Kò jókòó. Ní ọjọ́ kẹrin, kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́.

Ìgbà tí mo wá gba ìwé ikú ni Zacharie tó ń tọ́jú fáìlì yín fa èsì náà yọ. "Màmá Crépin, a pè yín títí, nọ́ńbà yín ò wọlé." Mo wo nọ́ńbà tó wà lára ìwé náà. Nọ́ńbà àtijọ́ ni, láìsí 01 tí gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ti fi síwájú nọ́ńbà tẹlifóònù wọn. Pátákó ẹnu ọ̀nà yín gan-an ní 01. Àbí ẹ ò mọ ilé mi ni? Ta ló rán aṣọ funfun tí àwọn nọ́ọ̀sì yín ń wọ̀? Lọ́jọ́ tí ìdí yẹ̀rì bá já, ẹ mọ̀nà.

Mo fẹ́ orúkọ ẹni tó kọ "a ò rí wọn" sára ìwé náà. Kó wá sọ ọ́ lójú bàbá Crépin. Mo sì fẹ́ kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ Arlette lọ́sẹ̀ yìí. Mo ní kó má lọ sáré, ó ní, "Màámi, ẹ̀yin náà lẹ ní ká má ṣọ̀lẹ." Ìwé tó ní òǹtẹ̀ yín nìkan ló lè dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí mi kí ọjọ́ Ajé tó pé.

Àbẹ̀ní, ìyá Crépin