Iná Tí Mo Ní Mo Ti Pa

Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ bàtà wa, lọ́jọ́ tí mo kó ọmọbìnrin méjìlá láti ilé-ìwé wa ní Igbotako lọ pàgọ́ sétí odò kan lọ́nà Ìjù-Odò. Kò tíì ju ọdún kan lọ tí ogun abẹ́lé parí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, mo gbé fèrè kọ́rùn, mo sì gbà pé kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi nípa igbó mọ́, nítorí mo ti ka ìwé kan nípa rẹ̀.

Òfin mi pọ̀. Ẹ má gé igi tútù. Èyí tó ti gbẹ ni kí ẹ fi dáná. Ẹ má fọ ìkòkò sínú odò, torí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pọn ọ́n mu. Gbogbo agolo tí a bá gbé wá, a ó kó o padà sílé. Mo ní kí ẹni tó bá kọjá lẹ́yìn wa má tilẹ̀ mọ̀ pé a wá. Àwọn ọmọ náà gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju èmi tí mo ń sọ ọ́ lọ. Iná nìkan ni n kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Mo ní ọmọdé kò mọ iná pa.

Lọ́jọ́ tí a ó padà, ọkọ̀ dé kí a tó múra tán, dírẹ́bà sì ń kánjú. Àfẹ́sọ́nà mi ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́sàn-án, n kò sì fẹ́ kí eérú ba aṣọ mi jẹ́. Mo da omi kẹ́tùlù kan lé iná náà, ó ṣe ṣìì, mo yíjú.

Olórí kíláàsì, ọ̀kan nínú àwọn méjìlá náà, ní, “Míìsì, ó ṣì ń rú èéfín o. Ṣé kí n lọ pọn omi sí i?”

“Wọkọ̀, jàre. Ṣé ìwọ ni yóò kọ́ mi ni?”

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá àgbà kan wá sílé-ìwé. Kò pariwo. Ó tú aṣọ kan sórí tábìlì hẹdimásítà, ẹ̀gẹ́ tó ti jó dúdú ló wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti gbé iná wa wọ oko rẹ̀ tó wà nítòsí odò náà. Ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ fi ṣe gàrí jóná, àwọn ọ̀pẹ kéékèèké tí ọkọ rẹ̀ gbìn kó tó kú náà kò ṣẹ́kù.

Hẹdimásítà pe gbogbo wa. “Ta ló pa iná?”

Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, “Àwọn ọmọ ló wà nídìí rẹ̀, sà.”

Olórí kíláàsì wò mí. Wọ́n nà án lẹ́gba mẹ́fà níwájú gbogbo ilé-ìwé, torí òun ni olórí wọn. Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi nà án tán.

Ní Sátidé, mo bá ìyá náà lóko, níbi tó ti ń ṣa èyí tó ṣeé jẹ láàárín eérú. Mo kúnlẹ̀.

“Ìyá, èmi ni n kò pa iná náà dáadáa.”

“Ọmọ tí wọ́n ní wọ́n nà ńkọ́?”

“Kò ṣe nǹkan kan, ma.”

“Ṣé o ti bẹ̀ ẹ́?”

“Rárá, ma.”

“Dìde,” ni ó wí. “Èmi kọ́ ló yẹ kí o kọ́kọ́ wá kúnlẹ̀ fún.”

Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ òtítọ́ níwájú gbogbo ilé-ìwé, mo sì bẹ ọmọ náà. “Ó ti tán, Míìsì,” ni ó dáhùn, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ṣe máa ń dáhùn. Nígbà tí èmi àti àwọn ọmọ kan ń lọ bá ìyá náà gbin ẹ̀gẹ́ tuntun sóko rẹ̀, ọmọ náà tẹ̀ lé wa láìjẹ́ pé mo pè é. Ṣùgbọ́n kò nawọ́ sókè nínú kíláàsì mi mọ́ títí ó fi jáde.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn tí mo kọ́ máa ń dúró kí mi lọ́nà, wọ́n a ní ọpẹ́lọpẹ́ èmi, n ó sì rẹ́rìn-ín. Olórí kíláàsì yẹn nìkan ni n kò tún rí mọ́. Bí mo bá rí i, n kò mọ ohun tí mo lè sọ, nítorí ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ nísinsìnyí pé kí ara lè tu èmi ni mo ṣe bẹ̀ ẹ́.