Àpò Tí Wọ́n Rán Pa Nítorí Ẹṣin

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni ó ń tọ́jú ẹṣin níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹṣin gígùn. Ìyá Ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Bí ó bá fẹ́ràn ènìyàn tàbí ẹranko, oúnjẹ ni yóò fi hàn án. Àgbàdo kì í tán nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹṣin pupa kan ni ó fẹ́ràn jù. Ọ̀gbẹ́ni ni àwọn ọmọ ń pè é, nítorí pé ó máa ń rìn bí ẹni tí ìpàdé kò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni mọ àpò náà ju gàárì lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni kọ̀, kò jáde. Ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síwájú, ó gbé gbogbo ara lé ti ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n rò pé iṣan ni ó le, ó sì fà á rìn kiri kí ara rẹ̀ lè nà. Nígbà tí dókítà ẹranko dé, ó fọwọ́ kan pátákò ẹsẹ̀ iwájú. Ó gbóná.

"Ìyá, kí ló ń jẹ?"

"Koríko ni, dókítà."

Ojú ẹsẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni ti imú bọ àpò Ẹ̀gbọ́n.

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ẹlẹ́rìí ti dé. Àgbàdo yìí ló dáná sínú pátákò. Kò tíì burú púpọ̀, ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹ má sì fà á rìn mọ́."

Ó ní kí wọ́n fi èérún pákó tẹ́ ilẹ̀ fún un kí ó nípọn, koríko gbígbẹ nìkan ni kí ó máa jẹ. Ó ní pátákò dà bí èékánná: láti òkè ni tuntun ti ń hù bọ̀, alágbẹ̀dẹ tí ń wọ bàtà irin fún ẹṣin yóò sì máa gé ti àtijọ́ nísàlẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ní tí Ọ̀gbẹ́ni kò bá lè gbé ọmọ nígbà tí àwọn ọmọ bá wọlé fún sáà tuntun, òun yóò fi tọrẹ fún ẹnìkan tí ó ń gbé lọ́nà jíjìn.

Ẹ̀gbọ́n délé, ó gbọn àgbàdo inú àpò náà dànù, ó sì rán àpò náà pa.

Ọ̀gbẹ́ni kò gbà. Yóò ti imú mọ́ ojú rírán, yóò sì kọ ẹ̀yìn sí Ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀yin méjèèjì ń ṣe bíi tọkọtaya tó jà," ni alágbẹ̀dẹ wí.

"Ọkọ wo? Èyí tí kò lè dá bàtà wọ̀?"

Ìlà kan yí pátákò náà ká níbi tí àìsàn ti mú un. Lókè ìlà, pátákò tuntun ń dán. Díẹ̀díẹ̀ ni ìlà ń sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ìwọlé kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá wá wò ó. Lórí yanrìn, Ọ̀gbẹ́ni rìn dáadáa. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. "Ara rẹ̀ ti yá! Ẹ di gàárì."

Ẹ̀gbọ́n wo ìlà náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìdajì ni. Ó fa ìjánu, ó mú Ọ̀gbẹ́ni bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú lójú ẹsẹ̀, ó ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni tí ń rìn lórí ẹyin.

"Kí lẹ mú un lọ síbẹ̀ fún?"

"Ilẹ̀ rírọ̀ máa ń bo àṣírí ni, sà. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi tọrẹ, ẹ sọ fún ẹni náà pé kò tíì lè tẹ ilẹ̀ líle."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ta ló máa gba ẹṣin tí ẹ ti bà lórúkọ jẹ́ báyìí? Ẹ jẹ́ kó wà níbí. Ọjọ́ tí alágbẹ̀dẹ bá gé ìlà yẹn dànù, kí ẹ pè mí."

Àwọn ọmọ gun àwọn ẹṣin yòókù. Ó pẹ́ gan-an kí alágbẹ̀dẹ tó gé ìlà náà dànù. Ẹ̀gbọ́n mú Ọ̀gbẹ́ni gba orí sìmẹ́ǹtì lọ, ó mú un bọ̀, ó sì tẹ́tí sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Nígbà náà ni ó ránṣẹ́ pe ọ̀gá.

Ọmọ tí ó kọ́kọ́ gùn ún bèèrè bóyá òun lè fún un ní àgbàdo.

"Fọwọ́ pa á lọ́rùn," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ìyẹn náà dùn mọ́ ọn."

Kò tú àpò náà. Òwú funfun ni ó fi rán an lórí aṣọ búlúù, nítorí náà gbogbo ènìyàn ni ó ń rí i.