Àmì Orí Ọ̀rọ̀ Bàbá Mi

Bàbá mi, Ọláníran, fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ Akínyẹlé ní èdè Yorùbá, kò sì sí ẹni tí wọn kì í gé máàkì rẹ̀ nítorí àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Èmi Títíladé, ọmọ bíbí inú wọn, gba òdo rí nítorí pé mo kọ “oko” níbi tó yẹ kí n kọ “ọkọ”. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, òkú ọ̀rọ̀ ni. Agídí wọn kò kéré.

Nígbà tí àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀, Bàbá fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta: ìtàn, orin ìsìn, èébú pàápàá. Lẹ́yìn ìsìnkú, olè jí fóònù náà ní gárèèjì Moniya. Ọpẹ́lọpẹ́ fílásì kọ̀ǹpútà kékeré kan tí mo ti da ohùn náà sí. Ìgbà yẹn ni Bàbá ní àwọn fẹ́ sáfà nínú ilé, kọ̀ǹpútà tí kò ní í sùn, tí àwa ọmọ yóò fi máa gbọ́ ìyá wa níbikíbi, tí olè kò sì ní lè ṣí.

Mo ní kí wọ́n ra èyí tí ń jókòó sórí tábìlì. Wọ́n bi mí pé bí iná bá lọ ńkọ́? Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi àtijọ́ ni wọ́n mú, nítorí bátìrì rẹ̀ ṣì ń gbé e fún wákàtí mẹ́ta. Olúmidé tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fẹ́ fi Windows sí i. Bàbá ní ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Linux ni àwọn fẹ́: ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ti rí i pé wọ́n lè fi tẹ Yorùbá tàmìtàmì. Gbólóhùn kan tí ìyá mi sọ ni wọ́n fi ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, tàmìtàmì. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ta ní í kọ ọ̀rọ̀ tọkọtaya sílẹ̀ fún ọmọ? Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n da ohùn Màmá sínú sáfà náà, wọ́n sì pa gbogbo ohun tó wà nínú fílásì rẹ́ kí olè má bàa rí i.

Lóṣù Kẹta, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún kú, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì kù lẹ́nu wọn: “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ṣé ẹ fẹ́ omi? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kí n gbé e kúrò? Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni tiransifọ́mà àdúgbò jó. Bátìrì tán, sáfà kú. Nígbà tí iná dé, ó ní ká mú ọ̀rọ̀ aṣínà wá.

Mo fi bírò sí ọwọ́ òsì Bàbá. Wọ́n làágùn kí wọ́n tó kọ ọ́ tán: OKO MI O GBO. Kò sí àmì kankan.

Mo tẹ “Ọkọ mi, o gbọ́.” Ó kọ̀. Mo tẹ “Ọkọ mi ò gbọ́.” Ó kọ̀. Mo tẹ “Ọkọ mi ò gbó.” Ó kọ̀. Mo ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí Bàbá létí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀. Mo jágbe mọ́ wọn. Ó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Olúmidé náà gbìyànjú títí ó fi sú u.

Lánàá, mo jókòó tì wọ́n, mi ò sì bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́.

“Bàbá, ṣé ẹ ti ń gbàgbé ohùn Màmá ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.” Omi dà lójú wọn, bẹ́ẹ̀ ni yìí ni mo sì gbà gbọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí Màmá máa ń kọ, kí n lè fi rán wọn létí ohùn náà. Ohùn tèmi nìkan ni mo gbọ́, kì í ṣe ti Màmá.